Èmi ni mo wọn bí ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ṣe ga tó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Onífótò ni mí ní Ìwó. Ó ti di ọdún 38 tí mo ti ń ya èèyàn. Ayé fíìmù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, tí òórùn kẹ́míkà kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni títí a fi máa jẹun alẹ́. Lóde òní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Mi ò kì í ṣe olóṣèlú, mi ò sì sí nínú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kankan. Ohun tí mo rí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdọọdún ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti kíkó ọmọ ènìyàn ṣòwò. Lọ́dún kan, wọ́n pè mí pé kí n wá ya fọ́tò ìwọ́de rẹ̀ ní Òṣogbo. Gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, báńà ńlá wà níwájú, àwọn ọmọ iléèwé ń kọrin bọ̀ lẹ́yìn. Mo ya ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, mo ya ìyàwó ọ̀gá, mo ya ẹni tó ń gbé omi tọ ọ̀gá lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tú ká, wọ́n san owó mi pé, wọ́n tún fún mi ní ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Bàbá, nídìí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe yìí, kí lẹ ti rí?" Ká ní wọ́n tilẹ̀ bi mí lọ́jọ́ náà, bóyá mi ò bá má dáhùn, torí ojú ń tì mí. Àmọ́ wọn ò bi mí.

Oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ìyá kan kó ọmọbìnrin mẹ́rin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Léèsì ló wọ̀, fóònù méjì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì kí mi bí ẹni tá a jọ jẹun àárọ̀: "Bàbá onífótò, ẹ kú òwúrọ̀ o, àwọn ọmọ yín rèé, wọ́n ń lọ sókè òkun." Mọ̀mí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pè é. Bẹ́ẹ̀ mo mọ ìyá tó bí méjì nínú wọn. Ọ̀kan ni ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń tajà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, tí mo ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹ̀ láràárọ̀.

Mọ̀mí ní oríṣi fọ́tò méjì lòun fẹ́. Èkíní ni fọ́tò pélébé ti pásípọ́ọ̀tì, ìyẹn ò ṣàjèjì. Èkejì ni fọ́tò ìdúró. Kí ọmọ dúró ṣánṣán, kó hàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó bo irun, kó má kun nǹkan kan sójú, kó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ṣùgbọ́n kí eyín má yọ jù. Ó ní bí àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ilé ní Oman ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, wọn á wo fọ́tò kí wọ́n tó mú ẹni tó bá wù wọ́n. Kí n wá kọ ọjọ́ orí sábẹ́ ẹ̀, kí n kọ bí ọmọ ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó. Mo ní mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn èèyàn o, onífótò ni mí. Ó ní kí n ṣáà wá nǹkan ṣe sí i. Ni mo bá yá tépù lọ́wọ́ aránṣọ tí a jọ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, mo ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sókè orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti bí wọ́n ṣe wúwo tó, Mọ̀mí ló fojú díwọ̀n ìyẹn fúnra ẹ̀, bí ẹni tó ń ra àgbò.

Ìgbà tó kan ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ, mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó la ẹnu. Mọ̀mí ló dáhùn: "Méjìlélógún." Ọmọ pa ẹnu ẹ̀ dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo ya fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ yìí. Ọdún tí wọ́n bí i náà ni wọ́n bí àbígbẹ̀yìn mi, ìyẹn sì wà ní SS2 lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ọmọ ọdún 16 ni. Mo wo Mọ̀mí, Mọ̀mí wò mí. Mo tẹ 22. Owó tó san lọ́jọ́ náà ju ohun tí mò ń pa lọ́sẹ̀ kan lọ, kò dúnàá dúrà rárá, ó ní kí n fi ṣẹ́ńjì ra ẹran sílé.

Ẹ má bínú pé mò ń sọ ọ́ pẹ́. Ibi tó ń dùn mí ni.

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó gbọ́ ohun tí òfin wí. Agbẹjọ́rò kan ló ń ṣàlàyé lórí rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná ò sí. Ó ní òfin ọdún 2003 ló dá NAPTIP sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, wọ́n sì ṣe òfin tuntun rọ́pò ẹ̀ ní 2015. Ẹni tó lọ wá ọmọ rí, ẹni tó gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹni tó fi í pamọ́ sílé, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ni òfin mú. Ó ní bí wọ́n bá ti fi irọ́ tan èèyàn, "mo fẹ́ lọ" tó fẹnu ẹ̀ sọ kò já mọ́ nǹkan kan níwájú adájọ́. Bí ọmọ náà ò bá wá tíì pé ọdún 18, ẹnikẹ́ni kì í tilẹ̀ẹ́ bèèrè bóyá ó gbà àbí kò gbà. Mo rántí bí gbogbo àdúgbò wa ṣe máa ń sọ pé, "Ṣebí àwọn ọmọ yẹn ló ń bẹ ìyá náà, ta ló fipá mú wọn?" Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Mo jókòó ti rédíò yẹn, mo ń wá ibi tí onífótò wà nínú òfin. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Tépù ni mo fi gba tèmi sílẹ̀.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé Oman, ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ lórí WhatsApp. Ilé alájà mẹ́ta, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, ìgbà tí gbogbo wọn bá sùn tán ló tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ètò kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní kafala: onílé tó mú èèyàn wọ̀lú ló ni ìwé ìgbélùú ẹ̀. Tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá sá kúrò nínú ilé náà, òun gan-an ló di arúfin, òun ni ọlọ́pàá máa wá mú. Bó bá sì ní òun fẹ́ lọ sílé, onílé á ní kó kọ́kọ́ dá owó tí òun fi rà á padà. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí wé ìwọ̀fà. Kò jọ ọ́. Àgbà tó bá ṣe ìwọ̀fà láyé àwọn baba wa, ilé ara ẹ̀ ló ń sùn, ó mọ iye gbèsè tó wà nílẹ̀, ó mọ ọ̀nà oko olówó ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó náà ló ń parí. Ta ló mọ iye tí ọmọ yìí jẹ? Òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2020, gbogbo fóònù ń gbé ìròyìn ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì tó gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook pé òun fẹ́ tà á, 1,000 dọ́là, tó sì gbé àwòrán pásípọ́ọ̀tì ẹ̀ síbẹ̀ kí oníbàárà lè rí ọjà. Ìjọba Lẹ́bánónì mú ọkùnrin náà, ìjọba tiwa náà dìde sọ́rọ̀ ọmọ yẹn. Àwọn ọmọ mi ń ṣépè fún ọkùnrin náà. Fọ́tò yẹn lèmi ń wò. Mò ń rò ó pé ẹnì kan wà ní Nàìjíríà níbí tó sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìyá ẹlẹ́kọ wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti gbóhùn ọmọ ẹ̀. Ó ti lọ fẹjọ́ sùn níbì kan, wọ́n ní kó mú fọ́tò ọmọ náà wá. Ó ní, "Bàbá onífótò, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó nínú kọ̀ǹpútà yín. Mi ò ní fọ́tò ẹ̀ kankan látìgbà tó ti dàgbà." Mo wá a, mo rí i. Fọ́tò ìdúró yẹn ló jáde. Ìyá náà kò sunkún o. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ sára ìró, ó wá fi ìka kan ojú ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó fà á wálẹ̀ títí ó fi dé ibi tí mo kọ 22 sí. Kò lọ iléèwé, àmọ́ ọlọ́jà ni, ó mọ nọ́ńbà ju èmi lọ. Ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní nọ́ńbà fọ́tò ni.

A jọ lọ síbi tí wọ́n ní kó mú fọ́tò wá. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ká lọ síbòmíràn, ibòmíràn ní ká padà síbi tá a ti ń bọ̀, a ná owó ọkọ̀ títí owó ẹ̀kọ ìyá náà fi tán. Orí rédíò náà ni mo ti gbọ́ pé NAPTIP ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè, 627. Ẹni tó gbé e, ọmọlúàbí ni, Yorùbá ló bá mi sọ. Ó bi mí: kí ni nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tì ọmọ náà? Ta ni ìyá tó mú un lọ, níbo ló ń gbé? Ta ni wọ́n gbà á fún lọ́hùn-ún? Pásípọ́ọ̀tì wà nínú báàgì Mọ̀mí, Mọ̀mí ti kó kúrò nílùú, orúkọ Mọ̀mí náà sì ni mo mọ̀ ọ́n sí. Kò sí ọ̀kan nínú ìbéèrè yẹn tí mo lè dáhùn. Ínṣì 62 ni ọmọ náà ga, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni, ó ń ṣe. Àmọ́ ibi tó ń dúró sí láti ṣe é ló jìnnà. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọmọbìnrin Nàìjíríà 26 tó kú sójú òkun gúnlẹ̀ sí Salerno ní Ítálì, oṣù Kọkànlá 2017, àwa níbí gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ẹ̀dó ni. Ẹ̀dó sì dìde: ní oṣù Kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní kó àwọn babaláwo jọ sáàfin, ó fi àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò gégùn-ún, ó sì tú àwọn ọmọ tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀. Mo kan sáárá sí i. Àmọ́ àwọn ọmọ tiwa tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tó mú wọn búra tí ọba kan fi máa tú wọn. Gbèsè ni wọ́n fi dè wọ́n, ìtìjú ni wọ́n fi ta kókó ẹ̀. Ọmọ tí gbogbo àdúgbò ti bá jó pé ó ń lọ sókè òkun, báwo ló ṣe máa pe ilé pé ẹrú ni òun?

Ẹ tún wo ojú títì. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì, àwọn apániláyà wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa èèyàn tó lé ní 40. Látìgbà náà, àtọlọ́pàá, àti sójà, àti Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 2020, gbogbo wọn ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Wọ́n á ní ká ṣí bùútù, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ àga. Ìbọn ni wọ́n ń wá. Bọ́ọ̀sì tí ọmọbìnrin mẹ́jọ jókòó sí, tí pásípọ́ọ̀tì àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà nínú báàgì obìnrin kan ṣoṣo, á kọjá wẹ́rẹ́. Wọ́n á ní, "Mọ̀mí, ẹ rántí àwọn ọmọ yín o." Èmi wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó bi ọmọ kankan pé níbo lò ń lọ.

Wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìpániláyà dá wà lọ́tọ̀, kíkó ọmọ ṣòwò dá wà lọ́tọ̀. Nígbà tí Boko Haram kó ọmọ iléèwé 276 ní Chibok lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, Shekau tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà fẹnu ara ẹ̀ sọ nínú fídíò pé òun máa tà wọ́n lọ́jà. Gbogbo ayé figbe ta, ó sì yẹ kí wọ́n figbe ta. Ẹni tó ń ta ọmọ ní àdúgbò tiwa kò gbébọn, kò ṣe fídíò. Ó kí mi ẹ kú òwúrọ̀, ó sì sanwó mi lójú ẹsẹ̀.

Èyí tí mò ń bẹ ìjọba ò nílò báńà. Àwa onífótò ní ẹgbẹ́, a ń ṣèpàdé lóṣooṣù, a ń san owó ẹgbẹ́, a ń jà lórí owó ẹgbẹ́. Àwọn aránṣọ ní ẹgbẹ́. Àwọn onímọ́tò ní ẹgbẹ́, wọ́n le jù wá lọ. Àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà níwájú kóòtù, tí wọ́n ń bá èèyàn tẹ ìwé ìbúra ọjọ́ orí, àwọn náà ń rí nǹkan. Kí àwọn ọmọ ìjọba tó rí ọmọ yẹn ní pápákọ̀ òfuurufú, àwa bíi márùn-ún ti rí i. Àní kí òṣìṣẹ́ NAPTIP kan ṣoṣo wá jókòó sí ìpàdé wa fún wákàtí kan, kó fi irú fọ́tò ìdúró yẹn hàn wá, kó ní, "Tẹ́ ẹ bá rí èyí, ohun tó jẹ́ nìyí, ibi tẹ́ ẹ máa pè nìyí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ orúkọ yín." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa fẹ́ gbọ́ jù. Ẹni tó bá pe ìjọba lónìí, àdúgbò kan náà ni òun àti Mọ̀mí jọ máa sùn lálẹ́.

Kí wọ́n sì tún owó ìtanràn yẹn wò. Òfin 2015 ní ẹni tó bá kó èèyàn ṣòwò, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 2, owó ìtanràn ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 250,000 náírà. Bó bá jẹ́ torí iṣẹ́ aṣẹ́wó ni, ọdún 5 àti mílíọ̀nù kan. Ní 2015, owó ni 250,000. Lónìí, lẹ́ńsì àlòkù tó dáa ò ṣeé rà níye yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè ẹ̀ ni.

Ọmọ náà padà wálé ní 2021. Àwọn ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún ló dá owó tíkẹ́ẹ̀tì jọ. Ó wálé tòun ti báàgì kan, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún tó kọjá ló wọlé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní fọ́tò pélébé lòun fẹ́. Nígbà tí Mọ̀mí ń bá a ṣe pásípọ́ọ̀tì ni wọ́n ṣe NIN fún un, ọjọ́ orí èké ni wọ́n sì fi sí i. Ìyẹn ti wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba báyìí, ó ti di òótọ́. Ó fẹ́ lọ tún un ṣe, owó sì wà tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bá èèyàn tún ọjọ́ ìbí ṣe. Ọmọ náà máa sanwó kó tó lè padà di ọjọ́ orí ara ẹ̀. Mo fa aṣọ búlúù sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó wo ògiri yẹn, ó ní, "Bàbá, ṣé mo lè jókòó?" Mo gbé àga fún un. Mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì dúpẹ́.

Ìyá ẹlẹ́kọ, bí ẹ bá rí ẹni bá yín ka ìwé ìròyìn yìí, kì í ṣe nọ́ńbà fọ́tò ni.

Ní oṣù tó lọ, obìnrin mìíràn, tó kéré sí ti ìṣáájú, kó ọmọ mẹ́ta wọlé. Fọ́tò ìdúró lòun náà fẹ́. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹnu ara ẹ̀ sọ orúkọ ẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i fún mi, kó sì fún mi ní nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá ẹ̀, kí n pè wọ́n. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti di ọlọ́pàá ni?" Ó kó wọn jáde. Òdìkejì títì ni onífótò kejì wà, ọmọ tí mo fi iṣẹ́ yìí kọ́ ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi, mo ń wo bí fíláàṣì ẹ̀ ṣe ń kọ, mo ń kà á.

Mo ti ka nọ́ńbà mọ́tò tó gbé wọn fún àwọn 627. Mo kọ ọ́ sára ògiri náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin ìjelòó tí mi ò tíì kùn pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi sábẹ́ lẹ́tà yìí. Obìnrin náà mọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Èmi ni tiyín,
Onífótò kan,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.